Sìmẹ́ǹtì kọ́ ni oògùn ògiri àtijọ́

Sí Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi. Bíríkìlà ni mí, ọmọ Odò-Ọjà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mo sì ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún. N kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ti ní kí n gé ọ̀rọ̀ kúrú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kí yín tán.

Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló fà á. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí àwọn ìlú Èkìtì gbé katapílà sí gbogbo ilé àtijọ́ tí ògiri wọn ti ń sán, ìbáà ṣe olókùúta, ìbáà ṣe alámọ̀, pé wọ́n ń dójú ti ìlú, pé kò tún sí ẹni tó lè tún wọn ṣe. Ti pé wọ́n ń dójú ti ìlú, n kò bá a jà. Ojú kálukú ló mọ ohun tó ń tì í. Èyí tó ní kò sẹ́ni tó lè tún wọn ṣe yẹn ló gún mi lára, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. A ò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n a ṣì wà, iṣẹ́ náà sì ṣeé kọ́. Èmi fúnra mi, àgbà ni mo kọ́ ọ, lẹ́yìn tí mo ti fi ogún ọdún ó lé ṣe é lódì.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní 1998, ìjọ kan ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ pè mí pé kí n wá tún ilé àlùfáà wọn ṣe. Ilé náà ti pẹ́. Òkúta ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé orókùn ènìyàn, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ìyókù, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbalaja. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní àwọn fẹ́ kó máa dán bíi ti Èkó. Mo ní kò burú. Èmi àti ọmọọṣẹ́ mẹ́rin fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta họ amọ̀ tó wà láàárín àwọn òkúta kúrò, a fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo rẹ̀, a kan wáyà mọ́ ògiri amọ̀ kí sìmẹ́ǹtì lè rí nǹkan dì mú, a wá rẹ́ ẹ nínú lóde. Lẹ́yìn náà la kùn ún ní ọ̀dà. Ọjọ́ tí a parí, wọ́n fún mi ní àkùkọ kan lé owó mi, àwọn ẹgbẹ́ akọrin sì kọrin.

Ìyá mi ṣì wà láyé nígbà náà. Mo mú wọn lọ wò ó kí wọ́n lè yìn mí. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà, wọ́n gbá a pẹ́pẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ní, "Ulé yìí ò ní mí mọ́ o." (Ulé ni àwa ń pe ilé, kí ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ má bínú.) Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá mi, ilé kì í mí.

Ọdún kẹfà, nínú òjò oṣù kẹsàn-án, ògiri ẹ̀gbẹ́ kan wó lóru. Àlùfáà àti ìdílé rẹ̀ ti lọ sí sínọ́ọ̀dù, ohun tí Ọlọ́run fi kó wọn yọ nìyẹn. Ewúrẹ́ méjì tó sùn sábẹ́ fèrèsé ló kú. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ohun tí mo rí kò jẹ́ kí n lè jẹun lọ́jọ́ náà. Sìmẹ́ǹtì mi ò fọ́. Odindi ló ṣubú, ó nà tọ́ọ́rọ́ sílẹ̀ bíi páànù tí atẹ́gùn ṣí. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ti di ẹ̀kọ. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, ó wọlé ṣùrù.

Wọn ò bá mi ṣẹjọ́. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ní ilé náà ti gbó, ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Wọ́n wó ìyókù, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Nínú gbogbo ìlú náà, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ilé náà ò kú ikú ogbó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Àwọn ilé àtijọ́ ò ní ọ̀rá tí à ń tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ lóde òní láti dínà omi ilẹ̀. Omi máa ń fà látinú ilẹ̀ gun ògiri wọn bí epo ṣe ń fà gun òwú àtùpà. Kò sì sí wàhálà nínú ìyẹn, torí pé bí oòrùn bá yọ, omi náà á gba ara amọ̀ jáde lọ bó ṣe wọlé. Ohun tí ìyá mi ń pè ní mímí nìyẹn. Èmi ni mo fi sìmẹ́ǹtì dí i nímú. Omi ń gòkè, kò ríbi jáde, ó há sáàárín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, amọ̀ a máa wú bó bá mu omi, a sì máa sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì tó ti gan kò bá a wú, kò bá a sún. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ara wọn sílẹ̀, àlàfo ṣí láàárín wọn, òjò etí páànù sì rí ọ̀nà wọ̀ ọ́ látòkè. A máa ń pa á lówe pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Èmi ni mo la ògiri tèmi lẹ́nu, mo tún wá fi ọ̀dà kùn ún létè.

N kò dá bàbá mi lẹ́bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ìran sìmẹ́ǹtì ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ọdún òmìnira gan-an, lójú tiwọn sì rèé, àpò sìmẹ́ǹtì kan lórí kẹ̀kẹ́ ni ọ̀làjú fúnra rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ti amọ̀ nígbà yẹn? Òyìnbó tó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí irú sìmẹ́ǹtì tí à ń lò yìí, Joseph Aspdin, ọdún 1824 ló gbà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ògiri amọ̀ ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tuntun ló ń pa ọmọdé lójú, bàbá mi sì jẹ́ ọmọdé rí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ni mo lọ bá bàbá kan ní Uro, àdúgbò kan ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Nígbà èwe wọn, wọ́n ti bá àwọn tó ń kọ́ ilé ìjọ àti ilé ìwé káàkiri Èkìtì ru òkúta, wọ́n ti bá wọn po amọ̀, kí wọ́n tó dẹni tó ń mọ ògiri fúnra wọn. Mo gbé obì àti ìgò ọtí lọ. Wọ́n bi mí pé ta ló rán mi wá. Mo ní ewúrẹ́ méjì ni. Nígbà tí mo ròyìn tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá ní kí n lọ bu erùpẹ̀ níbi mẹ́ta wá kí n tó jókòó.

Iṣẹ́ erùpẹ̀ nìkan, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ mi. Èmi tí mo ti kọ́ ilé alájà méjì! Wọ́n ní kí n rọ erùpẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kí n bu omi lé e, kí n mì í dáadáa, kí n gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, yanrìn ti jókòó sísàlẹ̀, èyí tó kúnná wà lórí rẹ̀, amọ̀ gan-an ló wà lókè pátápátá lábẹ́ omi. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á sì sọ pé eléyìí á sán bó bá gbẹ torí amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, èyí á máa ya torí yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ìgò, wọ́n á yí erùpẹ̀ tútù láàárín àtẹ́lẹwọ́ bí ìka, wọ́n á jẹ́ kó máa yọ lẹ́nu ọwọ́ wọn wálẹ̀ títí yóò fi já. Èyí tó bá já kíákíá kò ní agbára, èyí tó bá gùn jù ni a ó wá yanrìn sí.

Òfin wọn ni pé ibi tí wọ́n ti bu erùpẹ̀ ògiri ni kí a padà lọ bù ú bí a bá fẹ́ tún un ṣe. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kòtò náà ṣì wà. Òun ni ìdọ̀tí ń kún inú rẹ̀ tí ẹ rò pé ààtàn lásán ni. Wọ́n á wá po erùpẹ̀ náà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á da ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ọjọ́ kejì wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá tó ọjọ́ mélòó kan, òórùn rẹ̀ á yí padà, á wá rọ̀ bíi iyán tó gún dáadáa. Ibi tí ògiri ti bàjẹ́, wọn kì í gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́; wọ́n á gé e bíi àtẹ̀gùn, kí tuntun lè rí ibi jókòó lé. Wọ́n á wọ́n omi sí ojú amọ̀ àtijọ́ kó má baà fa omi tuntun mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa sọ ìṣù amọ̀ lù ú, pàà, pàà. Wọ́n ní fífi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kò tó, àfi kó bọ́ lù ú. Bí ó bá ti tó ìgbọ̀nwọ́ kan sókè, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gbé òmíràn lé e. Ibi tí àwọn ọmọ òde òní ti ń sá lọ nìyẹn, torí búlọ́ọ̀kù kì í ní kí ènìyàn máa lọ sílé.

Ti òkúta wá yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá rí, ẹ ó ti rí Olósùnta àti Orólè, àwọn àpáta ńlá wa. Àwa ò wá òkúta lọ sí ibì kankan, òun ló yí wa ká. Òkúta wa le, kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń fi ayùn rẹ́. Láyé àtijọ́, wọ́n á dáná igi lé àpáta lórí, bó bá ti gbóná tán wọ́n á fi òòlù lù ú, á sì là. Wọ́n ṣì ń ṣe é báyìí, àmọ́ táyà ni wọ́n ń sun, èéfín rẹ̀ a máa dúdú débi pé ẹni tó sá aṣọ sóde á gbé e wọlé. Ohun tí Bàbá Uro kọ́ mi ni pé kì í ṣe gbogbo òkúta tí iná là ló yẹ ògiri. Iná a máa la òkúta nínú láìhàn síta. Fi òòlù kékeré kàn án. Bó bá dún gooro bíi agogo, gbé e. Bó bá dún pò bíi ìkòkò tó sán, jẹ́ kí àwọn tó ń fọ́ òkúta wẹ́wẹ́ kó o lọ.

Ó tún kù. Òkúta ní ojú, ó ní ìdí, ó sì ní ibi tó fẹ́ jókòó sí. Má jẹ́ kí ojú ìpàdé òkúta méjì bọ́ sórí ojú ìpàdé òmíràn, torí ibẹ̀ ni ògiri á ti là tọ̀ọ̀ wálẹ̀. Láàárín ìṣísẹ̀ méjì-méjì, wá òkúta gígùn kan tí yóò ti ojú ògiri wọlé dé ẹ̀yìn rẹ̀, òun ló so ojú ògiri méjèèjì pọ̀. Ògiri tí kò bá ní in á yọ ikùn lọ́jọ́ kan. Fi òkúta wẹ́wẹ́ há àlàfo, má fi amọ̀ nìkan dí i. Bàbá kì í gbé òkúta kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á dúró, wọ́n á wo òkìtì òkúta náà bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó purọ́, wọ́n á wá na ìka sí ọ̀kan. Gbé ìyẹn wá. Á sì wọ ibẹ̀. Èmi, mo lè gbé mẹ́sàn-án kí n tó rí ọ̀kan. "Ojú ni kó rẹ̀ ọ́," ni wọ́n máa ń sọ fún mi, "kì í ṣe ẹ̀yìn."

Ìtìjú mi kejì wáyé ní 2011. Igun ilé kan ní Uro ti yọ ikùn torí gbòǹgbò igi òdán kan. Bàbá ní kí a tú igun náà, kí a sì tò ó padà bó ṣe wà, kí olúkúlùkù òkúta padà sípò rẹ̀. Mo gbọ́n, mo fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára wọn, láti 1 dé 64. Mo tò wọ́n sí àgbàlá lọ́sọ̀ọ́lọ́sọ̀ọ́, mo lọ sílé, inú mi dùn. Oṣù kejì ni, ta ló ń retí òjò? Òjò ṣáà rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó di àárọ̀, gbogbo òkúta mi ti wẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Bàbá ò bínú. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń jẹ obì, wọ́n ní kí n máa tò ó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo sì fi kọ́ṣẹ́ ju gbogbo èyí tó ṣáájú lọ, torí wọ́n fi hàn mí pé òkúta kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sára kí n tó dé. Ojú tó ti dúdú, tí òjò àti oòrùn ti nà, òun ló wà níta. Ibi tí amọ̀ àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn ni ìdí àti orí rẹ̀. Ibi tí àpá òkúta kékeré wà, òkúta kékeré náà wà nílẹ̀ níbì kan, wá a. Láti ìgbà yẹn, ọ̀dà ni mo fi ń kọ nọ́ńbà, ẹ̀gbẹ́ tí kò ní hàn síta ni mo sì ń kọ ọ́ sí, mo tún ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá kú, n kò ní sunkún.

Ní 2019, ọmọ mi obìnrin tó wà nílùú York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bímọ, wọ́n sì mú èmi àti ìyá rẹ̀ lọ. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ilé ìjọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní York Minster, òkúta ni látòkè délẹ̀, ó sì ní ọgbà òkúta tirẹ̀ tí àwọn agbẹ́kùúta ti ń gbẹ́ òkúta tuntun dípò èyí tó bàjẹ́, àtàwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ láàárín wọn. Iná jó apá kan òrùlé rẹ̀ ní 1984, wọ́n tún un ṣe. Mo dúró ti fẹ́ǹsì ọgbà náà títí ìyàwó mi fi bínú lọ sílé. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ogún ọdún lọ ló ń gbẹ́ òkúta kan níbẹ̀, ó mú òòlù onígi olórí roboto lọ́wọ́, kò kánjú rárá. Òkúta tiwọn rọ̀, òkúta ẹfun ni, ayùn wọ̀ ọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n gbàgbé òtútù ni ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fi ń so òkúta náà pọ̀. Wọn kì í lo sìmẹ́ǹtì. Láìmù ni wọ́n ń lò: wọ́n á sun òkúta ẹfun nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius, wọ́n á da omi sí i, á hó yàà, á sì di rírọ̀. Bí wọ́n bá fi rẹ́ òkúta, díẹ̀díẹ̀ ni á máa gan, nípa gbígba afẹ́fẹ́ tí àwa ènìyàn ń mí síta sínú. Ọmọ mi bá mi bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé tí wọn ò lo ohun tó le jù bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó wà láàárín òkúta gbọ́dọ̀ rọ̀ ju òkúta lọ. Omi á gba ibẹ̀ jáde. Bí nǹkan kan bá sì máa bàjẹ́, kó jẹ́ òun, torí òun ṣeé pààrọ̀, òkúta ò ṣeé pààrọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí irú òkúta bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà kan, ńṣe ni ojú òkúta ń bó bí awọ. Mo ronú kan ìyá mi níbẹ̀, lórí ilẹ̀ àjèjì, mo sì yọ fìlà.

Wọ́n tún sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jà fún ilé àtijọ́ láti 1877, pé kí a máa tún wọn ṣe, kí a má sọ wọ́n di tuntun. Ní 1877! Ọdún tí ogun Èkìtì Parapọ̀ àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí àwa ń sun ìlú ara wa, àwọn kan ń jókòó ìpàdé lórí bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ògiri. Ọmọ mi ní kí n yọ gbólóhùn yìí kúrò. N kò yọ ọ́.

Síbẹ̀, n kò sọ pé kí a lọ máa ra láìmù. Òkúta ẹfun ò sí nílẹ̀ tiwa, ìhà Ewékorò àti Ṣágámù ló wà. Òkúta líle àti amọ̀ ni Ọlọ́run fún Èkìtì. Amọ̀ ló so òkúta wa pọ̀ látijọ́, amọ̀ náà ni kí a fi tún un so. Àwọn kan máa ń bi mí pé bí a bá wá bu sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí amọ̀ náà ńkọ́? Bí o bá ń ṣe búlọ́ọ̀kù amọ̀ tuntun, bù ú sí i, kò burú. Bó bá jẹ́ pé ògiri àtijọ́ lo fẹ́ lẹ̀, jọ̀wọ́, gbé àpò náà padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé irú ibi ìkọ́ṣẹ́ bíi ti York yẹn ò lè wà ní Èkìtì, ó ti wà rí, ti igi ni. Láàárín 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll dá ibi ìṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí George Bándélé, ọmọ Aréògún agbẹ́gilére, ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní igi gbígbẹ́. Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ agbẹ́gilére ti kọ́ṣẹ́ kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Wọn ò kó agbẹ́gilére wá láti òkè òkun; àwọn tó mọ̀ ọ́n nílé ni wọ́n pè, wọ́n fún wọn ní igi, wọ́n fún wọn ní àyè. Kí ló dé tí a ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń mọ ògiri? Ní Ìkẹ́rẹ́ tiwa, gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ̀ pé Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére nì, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ọba wa, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ní Wembley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1924 tí kò sì padà wálé mọ́. Ó wà ní British Museum, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó mọ ògiri tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà sí.

Òfin nìkan ò tó. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Èkó, láti 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n sì wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Bí kò bá sí ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe, ìgbà wo ni aláṣẹ tàbí ẹbí kan kò ní pe katapílà? Òun ló yá jù.

Nítorí náà, ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ẹ̀yin ìjọ, ẹ̀yin ọmọ olóyè, ẹ̀yin ẹbí tí ilé baba ńlá yín ti ń sán, kí ẹ tó pe katapílà, ẹ yá wa ní ògiri kan fún ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ẹyọ kan ni. Mo ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́ta báyìí, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, wọn ò sì lè fi ìwé kọ́ ohun tí à ń wí yìí. Bó bá yá, tí ẹ ṣì fẹ́ wó o, ẹ wó o, a ti kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ìjọba náà, ẹ jẹ́ kí àwọn bàbá tí kò ní sàtífíkéètì wọlé wá kọ́ àwọn ọmọ. Bàbá Uro ò ní ìwé kankan títí wọ́n fi kú ní 2017. Mo ti mú wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan rí pé kí wọ́n wá fi bí wọ́n ṣe ń to òkúta han àwọn ọmọ, ẹni tó wà lórí àga níbẹ̀ sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbà jáde. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn gba ara àwọn jáde. A lọ jẹ iyán.

Owó? Owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yá. Ẹni tó bá ń to búlọ́ọ̀kù á gbowó lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń tún ògiri àtijọ́ ṣe, owó erùpẹ̀ ò tó nǹkan, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún, onílé Èkìtì kan ò sì fẹ́ gbọ́ pé amọ̀ ni òun ń sanwó lé lórí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ọkùnrin méjèèjì yẹn ti ń wo ọ̀kadà lójú. Ọmọbìnrin yẹn ni kò wo ibì kankan. Rírẹ́ ògiri, kò sí ọkùnrin tó lè bá a dù ú lọ́dọ̀ mi, kò sì yà mí lẹ́nu, torí iṣẹ́ àwọn ìyá wa ni látilẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyẹn, òun ni n ó fi fi yín sílẹ̀. Ìyá mi a máa rẹ́ ògiri débi pé òjò ọdún mẹ́ta ò ní họ ọ́. Mo mọ apá kan ohun tó wà nínú rẹ̀: amọ̀ tí wọ́n ti kù, ìgbẹ́ màlúù, àti omi tí wọ́n fi se èèpo igbá, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. (Àwọn Hausa náà ń lo omi èèpo yẹn fún ògiri tiwọn; mo rí i lọ́wọ́ wọn ní Kánò.) Ewé kan ló kù. Wọ́n máa ń gún un pọ̀ mọ́ ọn. Etí odò ni wọ́n ti ń já a, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń yọ̀ bíi ewédú bí wọ́n bá gún un, ó sì ń sọ ògiri di dúdú tó ń dán. Láti kékeré ni mo ti ń bá wọn gbé agbọ̀n rẹ̀. N kò bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, torí bíríkìlà sìmẹ́ǹtì ni mo fẹ́ jẹ́. Èmi àti ọmọbìnrin yẹn ti dán ewé méje wò lára ògiri ẹ̀yìnkùlé mi, òjò ti họ méjèèje.

Bí ìyá yín tàbí ìyá ìyá yín bá ṣì wà, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹ̀fọ̀n, níbikíbi, ẹ bá mi bi wọ́n. Ẹ kọ orúkọ ewé náà ránṣẹ́ sí olóòtú, wọn á bá mi gbé e jáde. Ìwé ìròyìn yìí kì í wọ́n mi lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Bíríkìlà kan, Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.